Lẹ́tà sí Olóòtú: Páńkíríásì tó wú lójijì kì í ṣe iṣẹ́ kòkòrò

Alàgbà Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú akitiyan lórí èdè wa. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ tẹ̀ jáde lójú ìwé ìlera yín nípa inú rírun òjijì, inú mi sì dùn pé ẹni tó kọ ọ́ mẹ́nu ba páńkíríásì, nítorí pé ẹ̀yà ara yìí kì í sábà dé etígbọ̀ọ́ àwọn èèyàn wa àyàfi bí ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ṣúgà bá délẹ̀. Àmọ́ ìmọ̀ràn tí ó fi kádìí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́. Ó ní bí páńkíríásì bá wú lójijì, kí àwọn ẹbí rí i dájú pé ilé ìwòsàn tètè fún aláìsàn ní oògùn apakòkòrò tó lágbára, kí wọ́n fa omi sí i lára láìdáwọ́ dúró, kí oúnjẹ má sì kan ẹnu rẹ̀ títí gbogbo ìrora yóò fi lọ. Inú èrò kan ni ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ nínú wọn ti wá, ìyẹn èrò pé kòkòrò àrùn ló wọ inú aláìsàn náà lọ. Nínú àrùn yìí, ara ẹni náà gan-an ló gbé ogun dìde sí ara rẹ̀, bí a kò bá sì mọ èyí, ṣe ni ìtọ́jú wa yóò máa fi kún ohun tó ń ṣe é.

Wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ ni mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ̀ pé ẹni tó kọ àpilẹ̀kọ náà kò ti orí ara rẹ̀ sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ìwé tí a fi kọ́ṣẹ́ ṣe sọ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín mọ̀ ni pé ìwádìí ti yí ọ̀rọ̀ náà padà láàárín nǹkan bí ogún ọdún sí àkókò yìí, kí wọ́n sì mọ ìdí tó fi yí padà.

Ẹ̀yìn ikùn ni páńkíríásì fara pamọ́ sí, ó dùbúlẹ̀ síwájú ọ̀pá ẹ̀yìn, ìdí sì nìyí tí ìrora rẹ̀ fi máa ń ti òkè ìdodo gún lọ sí ẹ̀yìn. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Ó ń pèsè ínsúlíìnì tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń ṣe omi kan tó ń dà sínú ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré láti lọ yọ́ ẹran, ọ̀rá àti ìyẹ̀fun tí a jẹ. Àwọn èròjà tó wà nínú omi yìí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ẹ́ńsáìmù, lágbára débi pé páńkíríásì kì í jẹ́ kí àwọn tó mú jù nínú wọn jí nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀; inú oorun ni wọ́n máa ń wà títí wọn yóò fi dé inú ìfun. Nígbà tí nǹkan bá dí ọ̀nà tí omi náà ń gbà jáde, tàbí tí ọtí bá ti ba àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ jẹ́, ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ trípsìnì á jí níbi tí kò yẹ kó ti jí, á sì jí àwọn yòókù. Ẹ̀yà ara náà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ara rẹ̀. Hans Chiari ní ìlú Prague ti sọ èyí láti ọdún 1896, ìyẹn ọdún méje lẹ́yìn tí Reginald Fitz ní ìlú Boston ṣe àkọsílẹ̀ àrùn náà ní kíkún. Ní ọdún 1901, Eugene Opie ní Baltimore yẹ òkú ẹnì kan tí àrùn yìí pa wò, ó sì rí òkúta òrónro kékeré kan tó há sí ẹnu ibi tí ọ̀nà òrónro àti ọ̀nà páńkíríásì ti jọ já sínú ìfun. Títí dòní, òkúta òrónro àti ọtí ló ṣì ṣáájú nínú ohun tó ń fà á káàkiri àgbáyé. Àwọn oògùn kan wà tó lè fà á pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní tíráígílísíráìdì tí ó bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ fíìfíì, débi pé bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sínú ìgò tí wọ́n sì gbé e kalẹ̀, omi tó máa lé sókè á funfun.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá parí sínú páńkíríásì nìkan, ì bá rọrùn. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tó bá fara pa máa ń ké sí àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tí í ṣe ọmọ ogun ara, tìbínú-tìbínú ni àwọn wọ̀nyí sì máa ń dé. Ẹ wò ó bí ìgbà tí olè wọ yàrá kan nínú agbo ilé, tí àwọn ọdẹ àdúgbò dé, tí wọn kò rí olè mú, tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í wó ògiri láti yàrá dé yàrá. Àwọn èròjà tí ọmọ ogun ara fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn, irú bíi TNF, interleukin-1 àti interleukin-6, á bá ẹ̀jẹ̀ rìn kúrò ní páńkíríásì, wọ́n á dé ẹ̀dọ̀fóró, kíndìnrín àti ọkàn tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín á bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Omi tó yẹ kó wà nínú ẹ̀jẹ̀ á ṣàn bọ́ sínú ẹran ara, ẹ̀jẹ̀ tó kù á ki, ìfúnpá rẹ̀ á wálẹ̀, ọkàn á máa sáré kí ó lè kájú iṣẹ́ rẹ̀, ìtọ̀ á dín kù, omi sì lè kún inú ẹ̀dọ̀fóró débi tí èémí kò fi ní tó aláìsàn mọ́. Gbogbo èyí lè ṣẹlẹ̀ láìsí kòkòrò kan ṣoṣo nínú ara ẹni náà.

Mi ò sọ èyí láti dẹ́rù bani. Nǹkan bí 80 nínú 100 àwọn tí páńkíríásì wọn bá wú lójijì ni kì í le fún, wọn a sì máa padà sílé láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn tó kù ni wàhálà wà fún. Nínú ìlànà tí àwọn onímọ̀ ṣe ní ìlú Atlanta lọ́dún 1992, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2012, bí ẹ̀yà ara ṣe ń ṣiṣẹ́ sí ni wọ́n fi ń díwọ̀n bí àrùn náà ṣe le tó: ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kíndìnrín rẹ̀ tàbí ìṣàn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá dáṣẹ́ sílẹ̀ fún ju wákàtí 48 lọ ni ó le fún. Wọn kò fi bí ìrora ṣe pọ̀ tó díwọ̀n rẹ̀, wọn kò sì fi iye amylase inú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn ẹ́ńsáìmù páńkíríásì tí wọ́n fi ń yẹ àrùn náà wò, díwọ̀n rẹ̀, nítorí pé amylase lè ga dé òkè lára ẹni tí yóò lọ sílé lọ́tùnla.

Ẹni tó bá ti tọ́jú wọn rí lè dá wọn mọ̀ láti ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Aláìsàn náà kì í lè dùbúlẹ̀ gbalaja. Ó jókòó sí etí ibùsùn, ó tẹ̀ síwájú, ó fi apá méjèèjì di ìrọ̀rí mọ́ ikùn, bó bá sì bì, èébì náà kì í mú ìtura kankan wá fún un. Ní ọjọ́ kejì, ó lè sọ pé ọmọ ìka òun ti kú tipiri, pé ètè òun sì ń ta òun. Àwọn ẹbí á ní àìjẹun ló fà á, àmọ́ kálísíọ́mù inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ti lọ sílẹ̀, nítorí ọ̀rá tí ẹ́ńsáìmù ń yọ́ yí páńkíríásì ká máa ń dì mọ́ kálísíọ́mù, á sì mú un lọ. Ìrora yìí kì í ṣe èyí tí à ń sọ fún èèyàn pé kó fara dà. Wọ́n gbọ́dọ̀ fún un ní oògùn ìrora tó lágbára, ìbẹ̀rù tí ọ̀pọ̀ wa sì fi dàgbà pé oògùn bíi morphine yóò mú àrùn náà le sí i, ẹ̀rí kò gbè é lẹ́sẹ̀.

Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ pé ogun náà ti jáde kúrò nínú páńkíríásì kò sì gba owó ńlá, èyí ló fi wù mí kí gbogbo ilé ìwòsàn tó wà ní ìgbèríko mọ̀ ọ́n. Nǹkan mẹ́rin ni: kí ara gbóná ju 38 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, tàbí kó tutù ju 36 lọ, kí ọkàn máa lù ju ìgbà 90 lọ ní ìṣẹ́jú kan, kí aláìsàn máa mí ju ìgbà 20 lọ ní ìṣẹ́jú kan, kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun sì ju 12,000 lọ tàbí kó dín sí 4,000. Ẹni tí méjì nínú wọn bá wà lára rẹ̀, ara rẹ̀ ti ń jagun nìyẹn, bí wọn kò bá sì kúrò lẹ́yìn wákàtí 48, kí wọ́n má fi í sílẹ̀ sí kọ̀rọ̀ wọ́ọ̀dù. Ibi tí wọ́n ti lè fún un ní ọ́síjìn, tí wọ́n sì lè máa wò ó lóòrèkóòrè ló yẹ ẹ́. Yàtọ̀ sí ti ẹ̀jẹ̀, aago ọwọ́ àti tẹmómítà ló gbà. Ẹ jẹ́ kí n sì sọ ọ́ bó ṣe rí: mímí aláìsàn ni nǹkan tí àwa nọ́ọ̀sì kì í fẹ́ kà. Ẹ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù, ẹ óò rí 20, 20, 20 láti orí ibùsùn kìíní dé èyí tó kẹ́yìn, bí ẹni pé gbogbo wọn jọ ń mí pọ̀. Nínú àrùn yìí, iye èémí ló sábà máa ń kọ́kọ́ yí padà kí ọ̀rọ̀ tó bẹ́yìn yọ.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sórí oògùn apakòkòrò. Nítorí pé ara gbóná, tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun sì pọ̀ sí i, ó rọrùn láti sọ pé kòkòrò ti dé. Àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ogun tí mo ṣàlàyé lókè yìí náà ló sábà máa ń mú ara gbóná. Ìdí nìyí tí àwọn ìlànà ìtọ́jú tó wà lóde báyìí fi ní kí wọ́n má fi oògùn apakòkòrò dènà ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀. Kòkòrò lè dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìgbà náà ni, nígbà tí apá kan páńkíríásì bá ti kú, tí àwọn kòkòrò inú ìfun sì rí àyè ráyè wọ ibẹ̀. Ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹrin. Nígbà náà, oògùn apakòkòrò di dandan, ó sì lè ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò retí: nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Netherlands, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2021, 39 nínú 100 àwọn tí kòkòrò ti wọ páńkíríásì wọn, tí àwọn dókítà sì mọ̀ọ́mọ̀ dá fífa ọyún inú wọn dúró, ni oògùn apakòkòrò nìkan wò sàn. Bákan náà, bí òkúta bá dí ọ̀nà òrónro tí kòkòrò sì wọ ibẹ̀, tí ojú pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni tó ní ibà pọ́njú, tí òtútù sì ń mú aláìsàn gbọ̀n, kò sí àyè àtidúró. Wọ́n gbọ́dọ̀ fún un ní oògùn kí wọ́n sì tètè ṣí ọ̀nà náà. Ohun tí mo ń bá jà ni kí wọ́n máa da oògùn tó lágbára jù sí gbogbo èèyàn lára láti ọjọ́ kìíní, tí yóò fi jẹ́ pé nígbà tí kòkòrò bá dé lóòótọ́, yóò ti mọ gbogbo oògùn náà.

Àwọn kan lè béèrè pé bí ara bá ń jagun jù, kí ló dé tí a kò fún un ní oògùn tí yóò mú un sinmi? Àwọn onímọ̀ ti rò ó. Wọ́n dán oògùn kan tó ń jẹ́ lexipafant wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oògùn tó ń dí ọ̀kan lára àwọn èròjà tí ọmọ ogun ara fi ń ránṣẹ́. Aláìsàn 290 ló kópa nínú rẹ̀, èsì rẹ̀ jáde ní 2001, kò sì dènà kí ẹ̀yà ara dáṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀kan lára ìdí tó fi ṣòro ni pé ọ̀pọ̀ wákàtí ti kọjá kí aláìsàn tó dé ilé ìwòsàn, iṣẹ́ tí wọ́n rán síra wọn sì ti dé ibi tó ń lọ. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, kò sí oògùn kan tó ti di ìlànà fún pípa iná yìí ní tààrà, dexamethasone tí àwọn kan ń gún fún gbogbo ohun tó bá wú kò sì sí nínú ìlànà ìtọ́jú rẹ̀. Ohun tí à ń ṣe ni pé kí a gbé ẹ̀mí aláìsàn ró títí ogun náà yóò fi rọlẹ̀, kí a má sì fi ọwọ́ ara wa dá kún un.

Ọ̀rọ̀ omi ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí àwọn ẹbí wa gbà pé omi púpọ̀ ni ìtọ́jú púpọ̀. Mo mọ àwọn tó ń ka àpò omi tí wọ́n fà sí èèyàn wọn lára, tí wọ́n sì ń bá nọ́ọ̀sì jà bí èyí tó kẹ́yìn bá tán tí wọn kò tètè gbé òmíràn kọ́. Àwọn dókítà pàápàá gbà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, èrò náà kò sì ṣàìbọ́gbọ́n mu: bí omi bá ń jò kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ rọ òmíràn sí i. Ohun tí èrò náà kò kà sí ni pé òpó tó ń jò yóò jo èyí tí a rọ sí i pẹ̀lú, inú ẹ̀dọ̀fóró àti inú ikùn ni yóò sì jò ó sí.

Ní 2022, wọ́n tẹ èsì ìwádìí kan jáde nínú New England Journal of Medicine, èyí tí Enrique de-Madaria ní ìlú Alicante ṣáájú, tí ilé ìwòsàn 18 ní Íńdíà, Ítálì, Mẹ́síkò àti Sípéènì sì kópa nínú rẹ̀. Aláìsàn 249 ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan gba omi púpọ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni tẹ́lẹ̀: mílílítà 20 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà mílílítà 3 fún kílò kọ̀ọ̀kan ní wákàtí kan. Àwọn kejì gba ìdajì ti àkọ́kọ́ yẹn bí ara wọn bá gbẹ, bí kò bá gbẹ wọn kò gba ti àkọ́kọ́ rárá, wọ́n wá ń gba mílílítà 1.5 fún kílò kọ̀ọ̀kan ní wákàtí kan. Fún ẹni tó wọn kílò 70, ìyẹn ni lítà kan àti díẹ̀ lọ́gán kí wọ́n tún wá máa fi mílílítà 210 tẹ̀ lé e ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ní ìfiwéra pẹ̀lú mílílítà 105. Ìwádìí náà kò parí, nítorí wọ́n dá a dúró kí ewu má bàa pọ̀. Nínú àwọn tó gba omi púpọ̀, 20.5 nínú 100 ni omi pọ̀ jù lára wọn. Nínú àwọn kejì, 6.3 péré ni. Omi púpọ̀ náà kò sì dín àrùn kù: àwọn tó le fún dé ìwọ̀n àárín tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́ 22.1 nínú 100 lọ́dọ̀ àwọn tó gba púpọ̀, àti 17.3 lọ́dọ̀ àwọn tó gba ìwọ̀nba, ìyàtọ̀ tí àwọn olùwádìí kò lè gbẹ́kẹ̀ lé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ pé omi kò dára. Ẹni tó ti ń bì fún ọjọ́ mẹ́ta ní abúlé, tí ètè rẹ̀ gbẹ, tí kò tọ̀ láti àárọ̀, nílò omi kíákíá, omi ìfàsára tí wọ́n ń pè ní Ringer's lactate sì ni ìwádìí fi hàn pé ó sàn ju omi oníyọ̀ lásán lọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ ni pé kí wọ́n máa padà wá wò ó: ṣé ó ti ń tọ̀ tó mílílítà 35 ní wákàtí kan bí ó bá wọn kílò 70, ṣé ọkàn rẹ̀ ti ń rọra lù, ṣé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò ti máa dún pẹ̀lú omi, ṣé iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn rẹ̀ kò ti wú, ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ti wú. Bí ara rẹ̀ bá ti gbà, kí wọ́n dín omi kù, kí ẹbí má sì rò pé wọ́n ti pa aláìsàn tì.

Ti oúnjẹ ńkọ́? Wọ́n ń kọ́ wa tẹ́lẹ̀ pé kí páńkíríásì sinmi. Ṣùgbọ́n ìfun tí kò rí oúnjẹ máa ń tín-ín-rín, ògiri rẹ̀ á di ẹlẹgẹ́, àwọn kòkòrò tó ń gbé inú rẹ̀ á sì rí ọ̀nà jáde lọ bá páńkíríásì tó ti kú. Nítorí náà ebi tí a fi ń gba aláìsàn là lè jẹ́ òun ni yóò mú kòkòrò tí à ń bẹ̀rù wá. Ìwádìí mìíràn láti Netherlands, ní 2014, lórí aláìsàn 208, fi hàn pé kíkánjú fi rọ́bà kọjá imú bọ́ wọn láàárín ọjọ́ kìíní kò sàn ju kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu jẹun lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta lọ, kí wọ́n sì fi rọ́bà sílẹ̀ fún ẹni tí kò bá lè jẹun. Nǹkan bí 69 nínú 100 àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni kò nílò rọ́bà rárá. Ẹni tí àrùn náà kò le fún lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun ní kété tí ebi bá ń pa á tí kò sì bì mọ́, ìbáà jẹ́ lọ́jọ́ kìíní. Ẹ̀kọ mímu, ìrẹsì rírọ̀ àti ẹja bíbọ̀ tí kò lọ́ràá kò burú. Kò dìgbà tí amylase bá wálẹ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ ìfun yìí kan náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí ó yẹ kó kọ́ gbogbo wa ní sùúrù pẹ̀lú ìmọ̀ràn tó bá dùn-ún gbọ́. Nígbà kan, àwọn dókítà ní Netherlands rò pé bí àwọn bá fi àwọn kòkòrò rere, irú èyí tó wà nínú yógọ́ọ̀tì, kún inú ìfun aláìsàn, wọn yóò lé àwọn kòkòrò burúkú dànù. Kò sí ẹni tó rí ewu nínú rẹ̀. Wọ́n dán an wò lára àwọn tí àrùn náà fẹ́ le fún, nǹkan bí 300 èèyàn, èsì rẹ̀ sì jáde nínú The Lancet ní 2008: 16 nínú 100 ló kú nínú àwọn tó gba kòkòrò rere, 6 nínú 100 ló kú nínú àwọn tí kò gbà á, ìfun àwọn mẹ́sàn-án sì kú nítorí àìrí ẹ̀jẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ti àkọ́kọ́ nígbà tí kò sí ẹyọ kan lọ́dọ̀ àwọn kejì. Mo máa ń rántí èyí nígbàkígbà tí mo bá rí ẹni tó ń ta omi àgbo lórí rédíò, tó ń ní kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá.

Iṣẹ́ abẹ ńlá náà ti dín kù. Nígbà tí apá kan páńkíríásì bá kú tí ó sì di ọyún, ìṣe àwọn oníṣẹ́ abẹ tẹ́lẹ̀ ni kí wọ́n la ikùn kí wọ́n sì ha gbogbo rẹ̀ dànù. Nínú ìwádìí tó jáde ní 2010, lórí aláìsàn 88, wọ́n kọ́kọ́ fi rọ́bà tín-ín-rín fa ọyún náà lára àwọn kan, 35 nínú 100 wọn ni kò sì nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣòro ńlá tàbí ikú bá 40 nínú 100 wọn, ó bá 69 nínú 100 àwọn tí wọ́n la ikùn wọn lọ́gán.

Ṣùgbọ́n kí a tó dé ibi rọ́bà àti ẹ̀rọ, aláìsàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tiwa lórílẹ̀-èdè yìí ti lọ́jú pọ̀. Gbogbo ìrora tó bá ti wà ní òkè ìdodo ni à ń pè ní ọgbẹ́ inú. Aláìsàn á ra oògùn ọgbẹ́ inú lọ́wọ́ alátẹ, á mu àgbo lé e, ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún ni yóò tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ilé àyẹ̀wò wa sì sábà máa ń ní amylase, kì í ṣe gbogbo wọn ló ní àyẹ̀wò lipase, ẹ́ńsáìmù páńkíríásì mìíràn. Amylase máa ń tètè ga, ṣùgbọ́n ó lè ti padà sí ìwọ̀n rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, nígbà tí lipase máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó wálẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́ nílé kó tó wá lè gba èsì tó dára lọ́wọ́, kí wọ́n sì dá a padà sílé sórí oògùn ọgbẹ́ inú. Nítorí náà kí dókítà tó bá gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ béèrè ọjọ́ tí ìrora náà bẹ̀rẹ̀ gan-an kó tó gba èsì gbọ́, bí iyèméjì bá sì wà, kó fi skáànù wádìí.

Bí aláìsàn bá sì ti gbádùn, iṣẹ́ kò tíì parí. Bí òkúta òrónro bá ló fà á, tí àrùn náà kò sì le, kí wọ́n yọ àpò òrónro náà kí ó tó kúrò ní ilé ìwòsàn. Ìwádìí kan tó jáde ní 2015 fi hàn pé 17 nínú 100 àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n lọ sinmi nílé kí wọ́n tó padà wá ni ọ̀ràn òkúta náà tún dá padà sí ilé ìwòsàn tàbí tó pa, ó sì jẹ́ 5 nínú 100 lára àwọn tí wọ́n ṣe fún kí wọ́n tó lọ. Mo mọ̀ pé owó ni ọ̀pọ̀ ń wá lọ sílé, mi ò sì ní bú ẹnikẹ́ni nítorí ìyẹn, ṣùgbọ́n owó ìtọ́jú ẹ̀ẹ̀kejì kì í kéré sí ti àkọ́kọ́. Bí ó bá jẹ́ ọtí ló fà á, ìbáà jẹ́ ògógóró, paraga tàbí èyí tó wà nínú ọ̀rá tí wọ́n ń tà ní gáréèjì, ọ̀rọ̀ ẹnu nọ́ọ̀sì ní ipa tirẹ̀. Ní ìlú Tampere ní Finland, wọ́n mú 120 aláìsàn, nọ́ọ̀sì bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀ nípa ọtí lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń pe àwọn kan padà ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà láti tún bá wọn sọ ọ́. Láàárín ọdún méjì, 13 nínú àwọn tó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ni àrùn náà tún kọ lù, 5 péré ló sì kọ lù nínú àwọn tí wọ́n ń pè padà.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín fún, Alàgbà Olóòtú, ni pé kí ẹ tẹ àtúnṣe sí àpilẹ̀kọ náà lójú ìwé kan náà tí ó ti jáde, nítorí àwọn ẹbí ń gé ojú ìwé ìlera yín pa mọ́, wọ́n sì ń mú un dání lọ bá dókítà. Bí àyè bá sì wà, ẹ wá oníṣègùn tó mọ̀ nípa àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde láti kọ nípa òkúta òrónro lára wọn. Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní àrùn yìí jù lágbàáyé. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa wọn tí ń tètè fọ́ máa ń mú kí òkúta kó jọ sínú òrónro wọn, àwọn míì láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń lọ sílé ẹ̀kọ́, òkúta yìí sì lè há sí ibi tí Opie ti rí tirẹ̀. Bí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wá ń sunkún inú, ìrora ara tó ti mọ́ ọn lára ni gbogbo wa yóò pè é, oògùn ìrora nìkan ni a ó sì fún un. Kí àwọn òbí mọ̀ pé bí inú rírun náà bá wà ní òkè ìdodo tó sì ń gún lọ sí ẹ̀yìn, tí ọmọ sì ń bì, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí dókítà yẹ amylase tàbí lipase rẹ̀ wò, kó sì fi skáànù wo òrónro rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn.